Gìtá oníbírììjì tó léfòó, àwọn tó tà á fún mi, àti pákó ₦20,000

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú igi tí wọ́n fi ṣe gìtá yìí, iye fúrẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) tó wà lọ́rùn rẹ̀ àti irú píkọ́ọ̀pù tí wọ́n rì mọ́ ọn, kó lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Èmi ò wá torí ìyẹn. Bírììjì, irin tó di ìdí okùn mú, ni wàhálà tèmi: lórí gìtá yìí kò fara ti igi, ó léfòó ni. Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ ìkórè ìjọ wa ni mo wá sọ, nígbà tí mo fẹ́ yí i láti E, ìyẹn ohùn tí gìtá sábà máa ń wà, sí Drop D (kí okùn kẹfà tó nípọn jù nìkan wálẹ̀ láti E sí D) láàrin orin méjì, àti èsì tí àwọn tó tà á fún mi fọ̀ nígbà tí mo padà lọ bá wọn.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti ọjọ́ tí mo rà á. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ káàbọ̀ Ma. Ṣé bọ̀dá yín lẹ fẹ́ rà á fún ni, àbí ọmọ?" Mo ní ara mi ni, onígìtá ni mí. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gba gìtá kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo ta jùjú díẹ̀ sí i létí, ẹ̀rín náà dúró. Láti ìgbà yẹn ló ti sọ mí di "Ọ̀gá mi".

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í, mo sì bi í yékéyéké. Mo ní, "Lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta gìtá. Lọ́jọ́ Sátidé, òde àríyá. Orin kan á wà ní E, èyí tó tẹ̀lé e á fẹ́ Drop D. Lọ́jọ́ míì ẹ̀wẹ̀, akọrin wa á ní ohùn òun ò gbé e, ká sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ sí E flat, ìdajì ohùn sísàlẹ̀ E. Ṣé eléyìí á lè ṣe é?" Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá mi, èyí? Kò sí ohun tí kò lè ṣe." Ó di ọwọ́ irin tó wà lára bírììjì mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi dẹ̀ jọwọlọ, ó jù ú sílẹ̀, gbogbo ohùn padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ géérégé. "Ẹ rí i? Kì í yẹ̀."

Òótọ́ ló sọ níbẹ̀ yẹn o. Kì í yẹ̀. Ohun tí Floyd Rose, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú bírììjì yìí ní 1979, ń wá náà nìyẹn: kí wọ́n de okùn lọ́rùn gìtá, kí wọ́n tún dè é lórí bírììjì, kéèyàn fi ọwọ́ irin fà á bó ṣe wù ú, kó sì padà sílé. Ilé kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n padà sí. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ò dé. Nígbà tí mo bi í léèrè nípa ìdè irin tó wà lọ́rùn gìtá, ó ní tí mo bá ti mọ̀ pé màá yí i lọ́jọ́ kan, kí n ti tú ìdè náà sílẹ̀ láti ilé, kọ́kọ́rọ́ orí gìtá á máa ṣiṣẹ́ bíi ti gbogbo gìtá. Mo san ₦480,000. Mo gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ọjọ́ ìkórè pé. Aṣọ ẹbí kún ilé ìjọsìn, ẹni tó ń ya fídíò dúró lápá ọ̀tún mi. Orin àkọ́kọ́ dùn, gìtá náà ń ké bí mo ṣe fẹ́. Ẹni tó ń darí orin ṣẹ́jú sí mi: orin àwọn ọ̀dọ́ ló kàn, kíì D, Drop D. Lórí gìtá mi àtijọ́ tí bírììjì rẹ̀ kì í mì, kí pásítọ̀ tó ní kí kálukú sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ìkórè tòun ti dé, mo ti yí okùn kẹfà láti E sí D, mo ti ń dúró dè wọ́n. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn lọ́jọ́ náà. Mo yí kọ́kọ́rọ́ okùn kẹfà, túnà, ẹ̀rọ tó ń yẹ ohùn okùn wò, tan iná àwọ̀ ewé: D. Onílù kà wá wọlé, mo gbé ọwọ́ lé kọ́ọ̀dù D.

Ẹ̀yin èèyàn mi. Okùn kẹfà wà ní D lóòótọ́. Márùn-ún tó kù ti gòkè, kálukú ti dé ibi tó wù ú. Kíbọ́ọ̀dù wà ní D, báàsì wà ní D, èmi wà ní ìlú kan láàrin D àti E flat. Oníkíbọ́ọ̀dù yí ojú sí mi, ó tún yí i kúrò kíákíá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dẹ okùn karùn-ún, mo dẹ ìkẹrin, mo dẹ ìkẹta, mò ń lọ. Kí n tó dé orí èkíní, okùn kẹfà tí mo ti fi sí D ti tún gòkè. Mo fà á padà sísàlẹ̀, àwọn yòókù tún yẹ̀. Wọ́n ti wọ ẹsẹ kejì orin. Mo bá pa fólúùmù gìtá pátápátá, mo nàró, mò ń gbá okùn, mò ń mi orí, mò ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ohùn kankan ò jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá ìjọ kan jó dé iwájú mi, ó lẹ ₦1,000 tuntun mọ́ mi níwájú orí, ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ ò ní rọ! Gìtá yìí dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!"

Ó wà nínú fídíò. Wọ́n ti gbé e sórí WhatsApp ìjọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo ti dé ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó gbálẹ̀ iwájú rẹ̀ tán. Mi ò ní dárúkọ wọn níbí, mi ò wá ẹjọ́ o. Ọmọ náà rí mi, ó rí àpò gìtá lẹ́yìn mi, ó ti mọ̀. "Ọ̀gá mi, ẹ káàárọ̀ Ma. Ṣé kò sí o?" Mo rò fún un. Ó ní okùn ni kò dáa. Ó ti sọ páálí okùn tuntun kalẹ̀, ó ti ń kọ owó rẹ̀ sínú ìwé. Mo ní okùn tó wà lórí rẹ̀ yìí, ṣebí ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ AC ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní fáànù la ní. Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, fáànù náà lè fà á, Ma." Mo bi í bóyá òun ti fi ọwọ́ ara òun yí irú gìtá yìí sí Drop D rí. Ó wo fóònù rẹ̀. Ó wo gìtá. Ó ní, "Tí ẹ bá ń rọra yí i..."

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù gbọ́ ohùn mi, ó bọ́ síta. Ó kí mi dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà, ó ní kí wọ́n bá mi ra omi tútù. Ó jẹ́ kí n mu omi náà tán kó tó nàka sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. "Ẹ má bínú, Ma. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sanwó." Mo ní èmi ò ní kí wọ́n gbà á padà, mo fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ní ó lè ṣe ohun tí kò lè ṣe ni. Ó ní, "Ẹ̀rọ òyìnbó ni, Ma. A kì í mọ gbogbo ẹ̀ tán." ₦480,000, wọn ò mọ gbogbo ẹ̀ tán! Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi nígbà yẹn, tó bá jáde, mi ò ní lè gba kọ́múníọ̀nù lọ́sẹ̀ náà. Ohùn àgbàlagbà kan ló ti ẹ̀yìn kọ́tìnì gbà mí sílẹ̀: "Ẹ jẹ́ kó gbé e wọlé wá kí n wò ó."

Bàbá kan ló wà níbẹ̀, tòun ti tábìlì kékeré, tọ́ọ̀ṣì tó so mọ́ iwájú orí, àti òkú gìtá tó yí i ká. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bi mí irú orin tí mò ń ta, ó bi mí ẹni tó kọ́ mi, ó ní kí n na ìka òsì mi kí òun wo orí rẹ̀. Ìgbà tó rí i pé ó ti yi ló tó dojú gìtá délẹ̀ lórí aṣọ, ó tú ike ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi sípíríǹgì mẹ́ta hàn mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ra gìtá yìí, kò sẹ́ni tó ṣí inú rẹ̀ fún mi rí.

Ó ní, "Ọmọ mi, wò ó. Okùn mẹ́fà ń fà síwájú. Sípíríǹgì mẹ́ta ń fà sẹ́yìn. Agbede méjì wọn ni irin yìí dúró sí." Bí eré fífa okùn tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣe lọ́jọ́ ìdíje ló rí: bí ẹnì kan bá dẹwọ́ ní apá kan, gbogbo wọn ló máa gbá lọ sápá kejì, àtẹni tó ṣì di tirẹ̀ mú gírígírí. Okùn kẹfà tí mo dẹ̀ nínú ìsìn lẹni tó dẹwọ́. Sípíríǹgì rí àyè, ó fa bírììjì sẹ́yìn, ìrù bírììjì rì, okùn márùn-ún tó kù le sí i, ohùn wọn gòkè. Bí mo ṣe wá ń dẹ àwọn yẹn náà ni agbára tó ń fà síwájú tún ń dín, bírììjì tún ń rì, ìyẹn ló ń lé okùn kẹfà kúrò ní D. Téèyàn bá ń yí gbogbo wọn kiri, tó ń dín in díẹ̀díẹ̀, á bá a nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bírììjì á ti fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà náà, okùn á ti sún mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì jù, á máa ta ziiin. Á tún wá kan kéèyàn ṣí ẹ̀yìn gìtá, kó dẹ súkúrù méjì tó so sípíríǹgì mọ́ igi, kí bírììjì tó lè nàró padà. Ẹ wá ṣe ìyẹn nígbà tí pásítọ̀ bá ń ṣe ìkéde.

Bàbá ò fi ẹnu sọ gbogbo ìyẹn. Ó ká àkísà kan, ó ki í bọ abẹ́ ìrù bírììjì kó má bàa rì, ó ní kí n yí okùn kẹfà sí D. Mo yí i. Ó ní kí n ta àwọn tó kù. Wọn ò mì. A, D, G, B, E, bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni inú mi ti rọ̀. Mo fa àpótí kan, mo jókòó.

Mo ní, "Bàbá, ti E flat ńkọ́?" Ó ní tó bá jẹ́ pé gbogbo òru ni ẹgbẹ́ yín máa wà nísàlẹ̀, má bá bírììjì jà, okùn tó nípọn ni kí o fi sí i. Mo lọ ṣírò rẹ̀ nílé pẹ̀lú nọ́ńbà tí àwọn tó ń ṣe okùn máa ń gbé jáde, ọ̀rọ̀ bàbá jóòótọ́: okùn 9 sí 42 (nọ́ńbà tó ń sọ bí okùn ṣe nípọn tó nìyẹn) tó wà ní E ń fà tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 38 lápapọ̀, okùn 10 sí 46, tí wọ́n bá sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ dé D, tó tún fi ìdajì ohùn wà nísàlẹ̀ E flat, ń fà tó bíi 37. Sípíríǹgì ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ẹni tó bá ní gìtá méjì, ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn. Èmi ò ní méjì, mo ti ta èyí àtijọ́ kún owó eléyìí.

Àwọn ọ̀nà míì wà. Pédáàlì kan wà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń sọ ohùn gìtá kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń sọ kalẹ̀ pa pọ̀, nítorí náà ó dáa fún E flat, kò lè ṣe Drop D. Irin kékeré kan tún wà tí Eddie Van Halen, onígìtá rọ́ọ̀kì, gbé jáde, D-Tuna, tó máa ń wà ní ìdí okùn kẹfà: ẹ fà á, E di D, ẹ tì í padà, D di E. Ó wuyì gan-an. Àmọ́ òun náà fẹ́ kí bírììjì fara ti nǹkan kan tí kò fi ní lè rì sẹ́yìn. Lórí bírììjì tó léfòó, ibi tí mo bá ara mi lọ́jọ́ ìkórè ló máa gbé èèyàn lọ. Ọmọ tó ń tajà, tó ti wọlé wá wòran, ní, "Bàbá, ṣé a ní in níta?" Bàbá ní, "Tó o bá ní in, wàá mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe?"

Iṣẹ́ tó wá ṣe rèé. Ó fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ, ó kì í bọ àlàfo tó wà láàrin irin abẹ́ bírììjì àti ògiri ihò náà, ní apá ọrùn gìtá, ó fi èékánná sàmì sí i, ó ṣẹ́ ẹ. Ó mú pákó dúrọ́ọ̀ àtijọ́ kan, ó fi ayùn gé e ní ìwọ̀n igi ìgbálẹ̀ yẹn, ó jẹ́ kó fi díẹ̀ nípọn jù ú lọ, ó ní igi máa ń jẹ nígbà tí wọ́n bá ń fi sáńpépà ha á. Ó ha á. Ó kì í bọ ihò, ó gbé gìtá sókè, ó fi etí lé ìwo rẹ̀ láìso ó mọ́ iná, ó dijú, ó ta okùn kẹfà nìkan. Ó yọ ọ́, ó tún ha á ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Pákó náà ti nípọn jù, ó ń ti bírììjì síwájú, ohùn ń wálẹ̀ ní ìwọ̀nba tí túnà mi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Etí bàbá rí i. Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ló fún súkúrù méjèèjì ẹ̀yìn kí sípíríǹgì lè fa irin náà mọ́ pákó gbọn-in. Ó ní kí n yí i. E sí D. D sí E. E flat, gbogbo ẹ̀. Mo tú okùn èkíní pátápátá bí ẹni pé ó já, márùn-ún tó kù ò mira.

Mo tún rí ẹ̀bùn kan gbà tí mi ò retí. Àwa tí a ń ta jùjú máa ń ta okùn méjì pọ̀, ká di ọ̀kan mú kí ìkejì máa yí. Lórí bírììjì tó léfòó, bí èèyàn bá ti fi ìka fa okùn kan gòkè, ó ti fa bírììjì síwájú nìyẹn, ohùn èkejì á sì rọ̀ wálẹ̀. Mo ti rò pé etí mi ló ń tàn mí jẹ. Pẹ̀lú pákó yìí, okùn tí mo dì mú ń dúró síbi tí mo dì í mú sí.

Ẹ gbọ́ ti owó. Mo bọ́ síta, ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní ₦20,000 ni iṣẹ́ ọwọ́. Fún pákó tí kò tó ìka àtàǹpàkò mi! Ohun tí wọ́n tà fún mi pẹ̀lú irọ́, mo tún sanwó kí ó tó di òótọ́. Mo bi í pé èló ni ti bàbá níbẹ̀, ó ní, "Ìyẹn, láàrin èmi àti bàbá ni, Ma." Mo padà sẹ́yìn kọ́tìnì, mo fi nǹkan sí bàbá lọ́wọ́. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé súkúrù ike ẹ̀yìn tó jẹ́ mẹ́fà ti di márùn-ún, álẹ́ǹkíì tí wọ́n fi ń tú ìdè ọrùn ò sì sí nínú àpò. Mo pè wọ́n. Ọmọ náà ní oníbàárà kan ló yá a, òun máa bá mi gbà á. Mò ń retí.

Kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí, torí ẹni tó máa fi owó rẹ̀ rà á. Ìdè ọrùn pín sí mẹ́ta, okùn méjì méjì ló ń dè. Èyí tó de okùn kẹfà àti ìkarùn-ún, mo ń fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí kí n lè fi kọ́kọ́rọ́ orí gìtá yí okùn kẹfà. Méjì tó kù wà ní dídè. Ìyà ibẹ̀ ni pé tí mo bá tẹ ọwọ́ irin mọ́lẹ̀ gan-an, okùn méjèèjì tí mi ò dè lè má padà síbi tó yẹ, nítorí náà mi ò kì í tẹ̀ ẹ́ jù lálẹ́ tí Drop D bá wà. Tí mo bá ń lọ sí D, mo máa ń gba abẹ́ D kọjá díẹ̀ kí n tó fà á gòkè wá sórí rẹ̀. Ẹni tó bá dúró bó ṣe ń bọ̀ látòkè, okùn rẹ̀ á yọ̀ láàrin orin. Àwọn súkúrù kéékèèké orí bírììjì tó wà fún àtúnṣe ohùn dáa fún èyí tó bá yẹ̀ díẹ̀, ibi tí wọ́n lè dé ò pọ̀. A ti ṣe ìsọ́ òru pẹ̀lú rẹ̀, a ti lọ òde, E sí D, D sí E, láàrin orin méjì, kò dójú tì mí mọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọwọ́ irin náà ò lè fà sókè mọ́, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ohùn gìtá tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń fi ẹsẹ̀ àti orúnkún yí nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n dìídì ṣe ìyẹn kí ohùn okùn rẹ̀ lè máa yí padà láàrin orin ni, ó ń yọ́ gòkè, ó ń yọ́ wálẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ku díẹ̀ kí n rí irú ohùn yẹn fà jáde lára gìtá tèmi kí pákó tó wọ̀ ọ́: màá fi ọwọ́ irin rọra gbé ohùn méjì sókè pọ̀, màá jẹ́ kó gbọ̀n, màá sọ ọ́ kalẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, onígángan pè mí, mo fẹ́ dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, mo fa irin sókè, ó kan pákó kọ́. Mo fi ìka ṣe é. Onígángan ò mọ ìyàtọ̀, èmi mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ tí mo bá gbé e kọ́rùn, tí mo sì so ó mọ́ iná, mi ò tíì gbọ́ gìtá tí ohùn rẹ̀ mọ́ tó báyìí ní iye owó yìí. Ọrùn rẹ̀ ò wúwo lọ́wọ́. Gbogbo òru ni mo fi ń ta á, èjìká ò ro mí. Oníkíbọ́ọ̀dù wa ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo fẹ́ tà á.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọ̀kan fún gìtá, ọ̀kan fún bàbá ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ẹni tó bá ní ó kéré, kó kọ́kọ́ gba gìtá mi lù wò kó tó sọ̀rọ̀. Rárá o, ẹ má wá gbà á, mi ò yá ẹnikẹ́ni.